Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì lójú Montaigne: ṣé ààwẹ̀ ló ń bá jà ni?

Ìbéèrè: Mo rí i kà pé Montaigne, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé, ní ìwà rere pàápàá lè di ìwà burúkú. Ṣé onígbàgbọ́ ni? Àbí ààwẹ̀ àti ìfìyàjẹ ara ẹni ló kórìíra?

Ìdáhùn: Onígbàgbọ́ ni. Kátólíìkì ni Montaigne (1533–1592) títí ó fi kú. Àṣejù ló ń bá jà. Nínú àròkọ rẹ̀ lórí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ní ìwé kìíní Essais (àkójọ àwọn àròkọ rẹ̀) tó jáde ní 1580, ó ní àfi bíi pé àrùn wà lọ́wọ́ wa: ohun tó dára fúnra rẹ̀, bí a bá gbá a mú lágbàájù, a ó bà á jẹ́. Tafàtafà tí ọfà rẹ̀ ré kọjá àmì tàsé bíi ti ẹni tí ọfà tirẹ̀ kò débẹ̀. Pọ́ọ̀lù ló fi ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, Róòmù 12:3, ẹsẹ tí Bíbélì Yorùbá náà ti lo “ìwọ̀ntúnwọ̀nsì”. Montaigne kọ ẹsẹ yìí lédè Látìn sára igi àjà yàrá ìwé rẹ̀.

Ibi tó ta jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oògùn. Ó ní àwọn tó ń wo ara àti àwọn tó ń wo ọkàn jọ gbà pé ìwòsàn kò sí láìsí ìrora: ààwẹ̀, aṣọ onírun tó ń họ ara, pàṣán, àhámọ́. Bí ààwẹ̀ bá wá ń mú ara ẹnì kan yá gágá ńkọ́, tí ẹja, tí àwọn Kátólíìkì ń jẹ dípò ẹran lọ́jọ́ ààwẹ̀, sì dùn lẹ́nu rẹ̀ ju ẹran lọ? Oògùn náà ò jẹ́ mọ́ nìyẹn, torí ìkorò rẹ̀ ni wọ́n ní ó ń woni sàn. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sórí àwọn tó ń fi èèyàn rúbọ ní Mẹ́síkò láyé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń fo ìsopọ̀ yìí dá, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀: ẹni tó bá ti gbà pé ìyà wa ń dùn mọ́ Ọlọ́run, ibo ni yóò dúró sí?

Ẹ wá wo ohun tó sọ nípa ara rẹ̀ nínú àròkọ tó gbẹ̀yìn ìwé kẹta (1588). Ó fẹ́ràn ẹja débi pé ọjọ́ ààwẹ̀ ni ọjọ́ àsè rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kó fẹnu kan ẹran lọ́jọ́ ẹja. Ó ń pa òfin mọ́, ó sì ń gbádùn rẹ̀. Níbẹ̀ náà ló ti ní àwọn tó fẹ́ bọ́ àwọ̀ èèyàn sílẹ̀ kí wọ́n lè di áńgẹ́lì, ẹranko ni wọ́n ń dà.

Ẹ má torí èyí pè é ní ọ̀tá àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ o. Ó sọ ọ́ gbangba pé òun ò lè kó ara òun níjàánu bíi tiwọn, àmọ́ pé tọkàntọkàn lòun fi gbà pé àwọn Kapuṣínì, ẹgbẹ́ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kátólíìkì kan, ń ṣe é, ìgbé ayé wọn sì dára lójú òun.