Èsì: Báàgì kan fún ìrìn ọjọ́ kan àti ọ̀nà jíjìn?
Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ṣé báàgì kan lára kẹ̀kẹ́ ológeere lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ìrìn ọjọ́ kan àti ìrìn ọ̀nà jíjìn. Lójú tèmi, rárá o. Fún ìrìn ọjọ́ kan, báàgì kékeré abẹ́ ìjókòó ti tó: túùbù, pọ́ǹpù, irinṣẹ́ díẹ̀.

Ti ọ̀nà jíjìn ni kí ẹ fara balẹ̀ yàn. Báàgì méjì tó ń kọ́ sára kárià ẹ̀yìn, ìyẹn irin tí a ń gbé ẹrù lé lẹ́yìn ìjókòó, ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ kó ẹrù wúwo sí ìsàlẹ̀, kí ọ̀tún àti òsì sì dọ́gba, kí kẹ̀kẹ́ má baà máa fì. Bí gìgísẹ̀ yín bá ń kan báàgì, ẹ sún un sẹ́yìn. Ẹ gbọn ìkọ́ rẹ̀ wò dáadáa kí ẹ tó sanwó. Ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti rán báàgì ni òjò sábà máa ń gbà wọlé, nítorí náà ẹ wá èyí tí wọ́n fi iná lẹ̀ pọ̀ dípò kí wọ́n rán an.