Ọ̀rọ̀ wo la lè kọ sí pólò àbúrò mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Àbúrò mi obìnrin ní fòníkú-fọ̀ladìde, SS ni, ó máa pé ọdún 23 láìpẹ́. Mo fẹ́ ṣe pólò tó ní ọ̀rọ̀ ìṣírí fún un àti fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń pàdé ní kílíníìkì. Mo ti ní kí wọ́n tẹ ọ̀kan wò, "Àárẹ̀ kì í mú jagunjagun" ni mo ní kí wọ́n kọ sí i, nígbà tó rí i ó dúpẹ́, ó ká a, ó wá ní "Ẹ̀gbọ́n mi, àárẹ̀ máa ń mú mi o." Ó dùn mí gan-an. Kí ni ká kọ, irú aṣọ wo ló sì dáa?
Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Láfẹnwá, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Ìfẹ́ lẹ fi ṣe é, àmọ́ ohun tó sọ yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó wà lára èmi àti ẹ̀yin máa ń lò tó nǹkan bí ọjọ́ 120, tẹni tó jẹ́ SS kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ, ara ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láti fi òmíì dípò ẹ̀, kò sì lè bá a, ìdí nìyẹn tó fi máa ń rẹ̀ ẹ́ nígbà tí ò tíì ṣe nǹkan kan. Tá a bá wá kọ ọ́ sí i láyà pé kì í rẹ̀ ẹ́, ó máa tijú àtijókòó níwájú èèyàn nìyẹn. "Ara ẹ á yá láìpẹ́" náà ò dáa, ó dáa fún ibà, àmọ́ èyí bá a wáyé ni.

Òun gan-an ni kẹ́ ẹ bi. Lọ́jọ́ tára ẹ̀ bá le, ẹ jókòó tì í, ẹ bi í pé kí ló máa ń wù ú káwọn èèyàn mọ̀ tí eegun bá ń dùn ún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tóun náà jẹ́ SS, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, nígbà tí mo bi í, ó ní kí n kọ "Mo jí lónìí, ó tó." Èkejì ni "Ẹ bá mi bu omi," torí tómi bá gbẹ lára wọn kíráísì, ìyẹn ìrora líle tó máa ń mú wọn nínú eegun, lè dé, gbogbo ẹni tó bá sì kà á ló ń bu omi fún un lóòótọ́.

Ní ti aṣọ, òwú pọ́ńbélé ni kẹ́ ẹ rà. Pọliẹ́sítà kì í fa òógùn mu, á kàn lẹ̀ mọ́ni lára, tátẹ́gùn bá wá fẹ́ sí i òtútù ló dà, òtútù sì wà lára ohun tó ń fa kíráísì. Ẹ ra èyí tó fi sáìsì kan tóbi, kápá ẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n fẹ́ fi dírípù sọ́mọ ẹ̀gbọ́n mi lápá, pólò tó wọ̀ há, apá ẹ̀ ti wú, sísọ́ọ̀sì ni nọ́ọ̀sì fi gé e, aṣọ tó fẹ́ràn jù ni, ó sunkún aṣọ yẹn ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn bíi rọ́bà, ó máa ń mú àyà gbóná. Abẹ́òkúta lẹ sáà wà, ẹ gbé pólò funfun lọ bá àwọn aládìrẹ ní Ìtòkú. Wọ́n lè fi àbẹ́là yíyọ́ kọ ọ́, tàbí kí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún bíi tàwọn ìyá wa, kí wọ́n wá rẹ ẹ́ sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bá wà aró ò ní mú un, tí wọ́n bá ha ẹ̀kọ kúrò, ọ̀rọ̀ á jáde ní funfun nínú búlúù. Inú òwú lọ̀rọ̀ wà, tó bá fọwọ́ pa á, ó rọ̀. Kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó wọ̀ ọ́ o, kí aró má baà ràn án lára.

Tàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ẹ má kọ SS sí i láìbi wọ́n, ẹlòmíì ò tíì sọ fún wọn níbi iṣẹ́. Àwọn tó bá fẹ́ kó hàn, June 19 lọjọ́ fòníkú-fọ̀ladìde lágbàáyé, wọ́n lè jọ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn.