Ìlà Tín-ín-rín Lára Báàjì Bàbá Àgbà

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Oníbáàjì, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú àpótí bàbá bàbá mi, tó jagun ní Bọ́mà lásìkò ogun Hitler, la ti bá báàjì dúdú kan: akoto irin, idà méjì tó dábùú ara wọn, ewé yí i ká, àmì àwọn Nazi sì wà lára akoto náà. Nọ́ńbà 30 wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin kan ní Dùgbẹ̀ tó ń ra nǹkan àtijọ́ ní ayédèrú ni, nítorí ìlà tín-ín-rín kan tó gba ojú rẹ̀ kọjá. Síbẹ̀, ó ṣì fẹ́ rà á! Kí ni kí n ṣe? — Ọmọbìnrin kan, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ẹni tó ní ọjà kò dáa, tó tún ń fa owó yọ, òun ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Báàjì ọmọ ogun Jámánì tó gbọgbẹ́ lójú ogun lo mú wá. O ṣeun tó o gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Bọ́là, torí fọ́tò fóònù kò lè fi ohun tí mo fẹ́ wò hàn mí.

Mo pa iná, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàjì náà kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Mo wá ki gíláàsì àwọn atún-aago-ṣe bọ ojú. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ létí ewé kan lápá òsì, ó gun orí idà, ó sì kú sí ẹ̀bá akoto. Ó yọ sókè ni, kò jinlẹ̀; mo rí òjìji rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Bí ọ̀bẹ bá ha báàjì, kòtò ni yóò fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n irin tí a fi ń tẹ báàjì, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní dáì, òdìkejì báàjì ni: kòtò ara dáì ni òkè ara báàjì. Tí dáì bá sán, irin báàjì á wọ inú sísán náà, á sì yọ bí iṣan ọwọ́ arúgbó.

Ó ṣojú mi rí. Ní 1983, níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, à ń tẹ báàjì ilé ìwé kan, ni dáì bá sán láti inú lẹ́tà O. Mo fi han ọ̀gá. Ó ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ lọ, ọjọ́ Mọ́ńdè làwọn ọmọ ń wọlé. Láàárọ̀, ìlà náà kò ju irun ìpéǹpéjú lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti dé etí báàjì. Lọ́jọ́ kejì, ègé kékeré kan já lára dáì, ni báàjì bá ń jáde tòun ti kókó. Ẹ da báàjì wọ̀nyẹn sílẹ̀ fún mi lónìí, màá tò wọ́n bí wọ́n ṣe jáde tẹ̀lé ara wọn. (Owó iṣẹ́ náà, ọ̀gá kò rí i gbà tán. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.)

Ohun tí àwọn tó ń kó báàjì Jámánì jọ ń ṣe náà nìyẹn. Bí báàjì méjì bá ní ìlà kan náà lójú kan náà, dáì kan ló bí wọn. Èyí tí ìlà rẹ̀ gùn jù ni àbúrò. Àmọ́ má tíì jó o. Ẹni tó bá fi ojúlówó ṣe àwòṣe, tó yọ́ irin láti da ayédèrú, yóò da ìlà náà mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n dà, etí ìlà rẹ̀ á ti rọ̀ bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò, ihò wẹ́wẹ́ á sì wà níbi tí afẹ́fẹ́ há sí. Tìrẹ kò ní ihò, etí ewé rẹ̀ mú. Ẹ̀yìn rẹ̀ jinlẹ̀ bí ọmọrí, bó ṣe yẹ kí páànù títẹ̀ rí, òòfà tí mo yọ lára sípíkà sì gbé e. Irin ni. Àwọn mìíràn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe jẹ́ idẹ, òòfà kì í gbé ìyẹn.

Nọ́ńbà 30 jẹ́ ti ilé ìtẹ̀wó ìjọba ní Vienna, ìlú tó bọ́ sábẹ́ Jámánì ní 1938. Òun kọ́ ni mo gbára lé. Ẹni tó bá ti ní òòlù lè lu nọ́ńbà. Kaiser Wilhelm II, ọba Jámánì, ló dá báàjì yìí sílẹ̀ ní oṣù kẹta 1918, wọ́n sì tún gbé e dìde ní 1939. Dúdú wà fún ẹni tó gbọgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, fàdákà fún ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, wúrà fún ẹ̀ẹ̀marùn-ún sókè. Àmì Nazi ara tìrẹ fi hàn pé kì í ṣe ti 1918, kì í sì í ṣe irú èyí tí òfin Jámánì fàyè gbà ní 1957, torí wọ́n yọ àmì náà kúrò lára ìyẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bàbá àgbà. Àwọn ará Japan ni àwọn ọmọ ogun wa bá jà ní Bọ́mà, kì í ṣe ará Jámánì. Bàbá kò bọ́ ọ láyà ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mi ò ní wọ́n parọ́ o: ọmọ ogun a máa ra nǹkan lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n a máa fi sìgá pààrọ̀. Bi àwọn àgbà ilé bóyá wọ́n sọ ibi tí ọkọ̀ ojú omi wọn ti dúró.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́? — Ẹni kan náà.

ÌDÁHÙN: Rárá o! Ọ̀dà dúdú tó kù lára rẹ̀ niyì rẹ̀. Fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kó o fi pépà wé e. Má dì í sínú ọ̀rá. Lásìkò òjò yìí, ọ̀rá á làágùn, irin á sì dípẹtà. Tí ọkùnrin Dùgbẹ̀ yẹn bá tún pè, ní kó wá dá owó lé e lójú mi.