Níbo ni ká gbé ìtàn ìdílé wa sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester ni mò ń gbé, ibẹ̀ ni mo bí àwọn ìbejì mi sí. Mo ti ń ṣa orúkọ àwọn ará ilé wa jọ lẹ́nu àwọn àǹtí mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ti dé ọ̀dọ̀ bàbá tó bí bàbá-bàbá mi. Ṣé kí n gbé e sórí ìkànnì ìtàn ìdílé bíi FamilySearch tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni, àbí Ancestry, àbí kí n kàn ṣe é ní ìwé kékeré kí n fi sórí WhatsApp ẹbí? Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí mọ orírun wọn. Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá. Iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe, torí àwọn àgbà tí ẹ ń bi ní ìbéèrè yẹn kò ní wà títí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé ohunkóhun síta, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé tiwa. Ó ṣì ń jẹ mí lọ́kàn.

Mo gbé ti ìdílé wa sórí ìkànnì kan, mo sì tì í, kí ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ bàbá mi nìkan ló máa rí i. Lára ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé ogun Kírìjì ló gbé ìyàwó kẹta bàbá ńlá wa dé Ìbàdàn. Ọmọ ìyá náà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Aláró, ló fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré, ojú kò sì tì wọ́n. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n, kò kàn sẹ́ni tó ń dá a sọ ni. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí wá dé, ọ̀kan nínú àwọn tí mo fún láyè tẹ ojú ewé yẹn sórí ìwé, ó gbé e lọ sí ìpàdé. Ó ní àwọn ọmọ ìdí-igi yẹn, ìyẹn àwọn tí ìyàwó kẹta náà bí, kò ní ìpín, pé ẹrú ni ìyá wọn, pé Bàbá Àdùkẹ́, èmi nìyẹn, ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti London.

Irọ́ ni pé wọn kò ní ìpín. Ọmọ ni ọmọ ń jẹ́ nílé bàbá rẹ̀. Mo tiẹ̀ fi ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ránṣẹ́ sí wọn, èyí tí Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn láti Nàìjíríà nígbà náà, dá ní London níbí ní 1962, lórí ogún ará Èkó kan tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀: ìdí-igi ni ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n fi pín in, ọ̀nà mẹ́rin lọ́gbọọgba. Ẹnu ọ̀gbẹ́ni náà wọlé. Ṣùgbọ́n àǹtí mi tó wá láti ìdí-igi yẹn, àwọn tó pọ̀n mí dàgbà, kì í gbé fóònù mi mọ́. Mo pè lọ́jọ́ Iléyá, ọmọ wọn ló gbé e, ó ní wọ́n ń sùn.

Mi ò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni o. Mi ò fẹ́ kí ìyá náà pa rẹ́ ni. Ẹni tó wà nílé lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọn yóò máa sọ ọ́ nìṣó. Ta ni yóò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi?

Igi kan ṣoṣo ni gbogbo ayé jọ ń kọ lórí FamilySearch. Ẹni tó bá ti kú tí ẹ fi síbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè rí i, ẹnikẹ́ni sì lè yí ohun tí ẹ kọ padà. Àwọn tó wà láàyè ni wọ́n ń bò mọ́ aráyé lójú. Ti Ancestry jẹ́ tiyín, ẹ lè tì í, àmọ́ ẹ ti rí ohun tí ẹni tí a ṣílẹ̀kùn fún lè ṣe. Ìwé orí WhatsApp ló tún ń rìn jìnnà jù. Níbi yòówù kó jẹ́, ẹ so ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ́ ìyá tó bí i, kí ẹ má sì kọ ọjọ́ ìbí àwọn ìbejì. Àwọn báǹkì ibí ṣì ń béèrè orúkọ tí ìyá ẹni ń jẹ́ kó tó lọ́kọ láti fi dá ẹni mọ̀, ẹ fi ìyẹn náà pamọ́.

Ẹ kà á sétí olórí ẹbí àti àgbà kan láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá wá ní kí ẹ yọ òótọ́ kan kúrò ńkọ́? Mi ò tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn sí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló kù. Àdùkẹ́ mi lè ya igi ìdílé wa láìwo ìwé, ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá ń kì í lórí fóònù, èmi ló máa ń yíjú sí pé kí ni wọ́n ń sọ. Iṣẹ́ òru ni èmi àti ìyá rẹ̀ ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré, ẹni tó ń bá wa wò ó kò gbọ́ Yorùbá. A fẹ́ ẹ o, Ìyá Ìbejì, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a kò fẹ́. Tiyín ṣì kéré. Oríkì ìbejì kò lè sọnù, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Oríkì orílẹ̀ yín ni kí ẹ ní kí àwọn àǹtí yín máa kì, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí àwọn ọmọ máa gbọ́ ọ nínú ilé. Ní ti ìkànnì, orúkọ àwọn olóògbé nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ fi síta. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ nílé ná, kí ẹ tó kọ ìtàn kankan mọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni.