Kàtídírà kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ńlá: àga ni

Ìbéèrè tí Ìyá Ìbejì fi ránṣẹ́ nìyí: "Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lòun ń lọ báyìí tí wọ́n kọ 'Episcopal Cathedral' sí iwájú rẹ̀. Kí ni kàtídírà túmọ̀ sí gan-an? Ṣé ìjọ tuntun ni Episcopal yìí, àbí Àǹgílíkà tiwa náà ni?"

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìbéèrè o. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú, mi ò sì rí ẹni bá sọ ọ́. Mo wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà, rédíò ń sọ̀rọ̀, ni ọ̀gbẹ́ni kan bá ní ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ti gba ẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n ń pè ní kàtídírà. Ẹnì kejì tó bá a jókòó tún gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ní "kà" tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, kà ti ìwé kíkà ni, torí pé àwọn onígbàgbọ́ ló kọ́kọ́ mọ̀wé kà nílẹ̀ yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé orin sí i. Ẹni tó ń wa mọ́tò mirí, ó ní, "Ẹ ò rí i pé Yorùbá jinlẹ̀." Ẹnu mi kò gbọ̀rọ̀ mọ́.

Kàtídírà, àga ni. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, kathedra, ìjókòó ló ń jẹ́. Nínú Májẹ̀mú Tuntun, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi pe ìjókòó àwọn tó ń ta ẹyẹlé tí Jésù dà nù nínú tẹ́ńpìlì, kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni tẹ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tí àga Bíṣọ́ọ̀bù bá wà nínú rẹ̀ ni kàtídírà. Ì báà jẹ́ pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ, ì báà jẹ́ ogójì èèyàn péré ló ń jọ́sìn níbẹ̀. Ẹ wo Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń dé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ládé. Ta ló tún fẹ́ kí ilé Ọlọ́run tóbi jùyẹn lọ? Síbẹ̀ kì í ṣe kàtídírà lónìí, torí pé kò sí Bíṣọ́ọ̀bù tí àga rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọmọ Yorùbá kọ́ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún. Ṣé bí ìlú bá ṣe fẹ̀ tó la fi ń mọ ìlú aládé ni? Ìbàdàn jagun, ó ṣẹ́gun, ó fẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìlú aládé lọ fíìfíì, síbẹ̀ Baálẹ̀ ni wọ́n ń pe olórí ibẹ̀ títí di 1936 kí wọ́n tó sọ oyè náà di Olúbàdàn. Bẹ́ẹ̀, àwọn ìlú kéékèèké wà tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn já kí ọ̀sán tó pọ́n, tí ọba ibẹ̀ sì ń dé adé ìlẹ̀kẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí wọ́n bá sì dá ẹkùn Bíṣọ́ọ̀bù tuntun sílẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé àga wọ̀. Wọn ò fi búlọ́ọ̀kù kan kún un. Lánàá ó jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, lónìí ó di kàtídírà. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹ ó rí méjì mẹ́ta nínú ìlú kan ṣoṣo lóde òní.

Ti Episcopal tí ẹ béèrè, kò gùn. Episkopos ni Gíríìkì ń pe alábójútó, ibẹ̀ náà ni "bíṣọ́ọ̀bù" ti wá. Bíbélì wa lo méjèèjì: nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, "alábójútó" ni, nínú ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Tímótì, "oyè bíṣọ́ọ̀bù" ni. Ìjọ tó bá ní bíṣọ́ọ̀bù lórí ni Episcopal. Nígbà tí Amẹ́ríkà bá ọba Gẹ̀ẹ́sì jà tí wọ́n sì gba òmìnira, àwọn Àǹgílíkà tó wà níbẹ̀ kò lè búra fún ọba mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi ẹni tí kò bá búra jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ni Samuel Seabury, àlùfáà kan láti Amẹ́ríkà, bá gba Aberdeen lọ ní Skọ́tílándì ní 1784, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí láìsí ìbúra. Orúkọ Episcopal ni wọ́n wá ń jẹ́. Ìyekan ni wọ́n jẹ́ sí Àǹgílíkà, ọmọ yín kò ṣìnà. Ìjà tó wà láàárín àwọn bíṣọ́ọ̀bù tiwa àti tiwọn láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí n má dá sí i lónìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò nìyí: èwo ni ti àga? Kí ló dé tí wọn ò fi adé tàbí ọ̀pá sọ ilé náà lórúkọ? Bíṣọ́ọ̀bù kúkú ní ọ̀pá, ó sì ní fìlà.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí màmá àgbà mú mi lọ sí kàtídírà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọjọ́ Sátidé ni, àwọn ẹgbẹ́ wọn fẹ́ gbálẹ̀, kí wọ́n sì to òdòdó de Ìkórè ọjọ́ kejì. Bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, mo yọ́ lọ sí iwájú, mo rí àga gíga kan tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí, tìmùtìmù pupa lórí rẹ̀, mo bá gorí rẹ̀ jókòó. Ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀. Inú mi dùn. Àfi bí ọwọ́ kan ṣe bà mí létí ọ̀tún láti ẹ̀yìn, ọwọ́ bàbá tó máa ń gbé ọ̀pá ṣáájú àwọn àlùfáà bí wọ́n bá ń wọlé. Etí yẹn ló fi fà mí dé ọ̀dọ̀ màmá àgbà. Mo rò pé wọ́n á gbèjà mi. Wọ́n ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ìwọ wá lọ gun orí ìjókòó náà fúnra rẹ̀. Kí lo rí?"

Màmá àgbà kò gbọ́ Gíríìkì o, wọn ò mọ̀ ju Ìwé Àdúrà àti Ìwé Orin lọ. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó tú kàtídírà sí Yorùbá fún mi tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tó ń kọ́ni ló sábà máa ń jókòó, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa nàró lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ ṣí Lúùkù orí kẹrin: Jésù dìde láti kàwé nínú sínágọ́gù, nígbà tó kà á tán ó dá ìwé padà, ó sì jókòó. Ìgbà tó jókòó ni gbogbo èèyàn wá tẹjú mọ́ ọn, torí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ló kàn. Ẹ tún ṣí Mátíù orí kẹtàlélógún, níbi tó ti ní àwọn akọ̀wé àti àwọn Farisí jókòó ní ipò Mósè. Kathedra ni Gíríìkì lò níbẹ̀. Àwọn Àjàyí Crowther tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Bíbélì wa kò sì kọ "àga Mósè". Ipò ni a kà. Ẹ tọ́ ọ̀rọ̀ yẹn wò lẹ́nu. Ibi tí èèyàn wà ni ipò, iyì tí a fún un ni ipò, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá rọ́pò ẹlòmíràn, ipò ẹni náà ló gbà. Ta ló tún fẹ́ ìtumọ̀ mìíràn? Bí àwọn yunifásítì òyìnbó ṣe ń pe oyè ọ̀jọ̀gbọ́n ní àga títí dòní, ibi kan náà ló ti ṣẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí àgbà ti jókòó tó ń fi ojú rí ohun tí ọmọdé ò rí, tí ọmọdé sì dúró tó ń gbọ́, ni kàtídírà. Ẹni tó bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kó wá bá mi.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Crowther yìí kan náà. Ọjọ́ 29 oṣù Òkúdù 1864 ni wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú kàtídírà tí àga òkúta tí wọ́n ń pè ní ti Augustine, bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ibẹ̀, wà, èyí tí wọ́n ń gbé àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury jókòó lé. Aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù Àǹgílíkà! Ó wá padà sílé, ẹkùn tí wọ́n gé fún un kò kan Èkó, kò kan Abẹ́òkúta, kò kan Ìbàdàn. Apá Odò Ọya ni wọ́n ní kó lọ máa bójú tó. Àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tó wà láàárín wa, Henry Townsend ti Abẹ́òkúta ló ṣáájú wọn, kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jókòó lórí wọn. Abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Sàró ni Èkó ṣì wà. Crowther, ọmọ Òṣogùn, gba oyè, wọn ò gbé ìjókòó fún un láàárín àwọn tí ń sọ èdè ìyá rẹ̀. Ilé rẹ̀ l'Ékòó ló kú sí ní 1891. Ẹni tó bá ní àga kì í ṣe nǹkan kan, kó ka ìtàn yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún 1919 ni wọ́n tó dá ẹkùn Èkó sílẹ̀. Kàtídírà Kristi tó wà ní Marina lónìí, ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì ló fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1925, wọn ò sì kọ́ ọ tán títí di 1946. Ìjókòó tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe ti bíṣọ́ọ̀bù. Ìjókòó ìdí dùùrù ni. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips jókòó sídìí dùùrù ìjọ yẹn láti 1914 títí di 1962. Ọdún 48! Òun ló pariwo pé orin òyìnbó ń ba ohùn Yorùbá jẹ́, pé bí a bá fi ohùn orin wọn kọ ọ̀rọ̀ wa, ọkọ́ á di ọkọ̀, ọkọ̀ á sì di ọkọ. Ó wá ń kọ orin tó tẹ̀lé ohùn ẹnu wa. Àwọn ọmọdé tó dúró yí i ká nínú ẹgbẹ́ akọrin, Fẹlá Ṣówándé wà nínú wọn, Ayọ̀ Bánkọ́lé náà wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì tó di olórin ńlá lẹ́yìn náà. Ṣé ẹ rí i? Àgbà jókòó, ọmọdé dúró, ẹ̀kọ́ kọjá láàárín wọn. Tèmi, kàtídírà méjì ló wà nínú ilé yẹn.

Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, mo lọ síbi ìgbéyàwó nínú kàtídírà kan tí mi ò ní dárúkọ. Ìsìn parí, ẹni tó ń ya fọ́tò ní kí ọkọ àti ìyàwó lọ jókòó sórí àga Bíṣọ́ọ̀bù, kí fọ́tò lè "gbayì". Ọkọ jókòó, ìyàwó jókòó lé e lẹ́sẹ̀. Àwọn Bàbá Ìjọ dúró níbẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí ẹni tó máa fa etí. Àwọn tó dáwó jù níbi Ìkórè ló jókòó ní ìjókòó iwájú, kò sì sí ẹni nínú wọn tó lè sọ fún mi ìdí tí àga yẹn fi wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní ti àlejò pàtàkì ni.

Ìyá Ìbejì, ẹ sọ fún ọmọ yín kó wo itòsí pẹpẹ ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Bó bá rí àga kan tó ga ju ìyókù lọ, tó sábà máa ń ṣófo torí pé Bíṣọ́ọ̀bù ń káàkiri ẹkùn rẹ̀, òun ló ni orúkọ tí wọ́n kọ síwájú ilé. Kó sún mọ́ ọn, kó wo ọnà ara rẹ̀ dáadáa. Kó ṣáà má jókòó sí i. Etí ọ̀tún mi ṣì ń rántí.