Ẹ Tún Ìwé Kajú Yín Tò Kí Ẹ Tó Kọ Màkírò

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ béèrè bóyá kí ẹ san owó fún ẹni tí yóò ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún ibùdó tí ẹ ti ń ra kajú ní Ṣábẹ, ní ilẹ̀ Benin wa, tàbí kí ẹ fi Excel ṣe é fúnra yín. Ẹ ṣe é fúnra yín. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń ṣe láti ọdún mélòó kan ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Kétu, ó sì dá mi lójú pé bí ẹ bá ti to ìwé náà dáadáa, àṣẹ tí ẹ óò kọ fún kọ̀ǹpútà, èyí tí à ń pè ní màkírò, kò ní tó nǹkan.

Ẹ ní olúkúlùkù àgbẹ̀ ló ní ojú-ewé tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó gbogbo wọn sí ojú-ewé kan ṣoṣo, kí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹrù kan tí ẹ gbé sórí òṣùwọ̀n: ọjọ́, àmì àgbẹ̀, iye kílò, iye owó kílò kan. Ẹ má ṣe àròpọ̀ kankan níbẹ̀. Ojú-ewé mìíràn ni kí ẹ ti máa fi SOMME.SI.ENS, ìṣirò Excel tí ń ro iye àwọn ìlà tí ó bá àmì kan mu pọ̀, ṣírò.

Àmì àgbẹ̀ ni mo wí, kì í ṣe orúkọ. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni Adoukè àti Adouke, àyè tí a ṣèèṣì fi sẹ́yìn orúkọ pàápàá tó láti sọ ẹnì kan di méjì. Ẹni tí ó ru kajú wá láti oko kò yẹ kí ó pàdánù owó rẹ̀ nítorí àmì ohùn kan, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára púpọ̀. Ẹ fún olúkúlùkù ní àmì bíi K014, kí orúkọ àti fóònù wọn wà ní ojú-ewé kẹta, níbi tí RECHERCHEV, ìṣirò tí ń fi àmì wá ohun tí ó bá a mu, yóò ti máa mú wọn wá.

Láti ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ọdún 2024, tí nọ́ńbà fóònù wa ti di díjíìtì 10 tí ó ń fi 01 bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà náà pọ̀ láìfi àyè sí i, Excel yóò gbé òdo iwájú rẹ̀ jù nù. Ẹ sọ òpó náà di Texte (ọ̀rọ̀ lásán) kí ẹ tó tẹ ohunkóhun.

Màkírò ni ó kẹ́yìn. Èyí tí mo ń lò jù ni èyí tí ń ṣa ìlà àgbẹ̀ kan jọ, tí ó sì ń sọ ọ́ di PDF fún un. Bí ẹ bá ń da irú rẹ̀ kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ rántí pé nínú VBA (èdè tí a fi ń kọ màkírò), orúkọ Gẹ̀ẹ́sì SOMME.SI.ENS, ìyẹn SUMIFS, pẹ̀lú àmì kọ́mà, ni Range.Formula (àṣẹ tí ń kọ ìṣirò sínú àpótí ìwé) ń gbà, bí Excel yín tilẹ̀ jẹ́ ti Faransé. FormulaLocal ni ó ń gba ti Faransé. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pa iṣẹ́ náà tì, tí wọ́n á rò pé orí àwọn kò gbà á. Bí màkírò bá ti yí ojú-ewé padà, Ctrl+Z kò lè dá a padà mọ́, nítorí náà orí ẹ̀dà ni kí ẹ ti dán an wò, kí ẹ sì fi fáìlì náà pamọ́ ní .xlsm, nítorí .xlsx kì í gbé màkírò.

Kí sáà kajú tó dé, ẹ tẹ ọjọ́ kan péré láti inú ìwé ọdún tó kọjá, kí ẹ fi àròpọ̀ rẹ̀ wé ti ìwé ọwọ́. Bí kílò kan bá yàtọ̀, ẹ wá a rí kí ẹ tó tẹ ọjọ́ kejì.