Bí ìjọba bá da ilé-ẹ̀kọ́ gíga méjì pọ̀, orúkọ wo ni yóò wà lórí sátífíkéètì ọmọ mi?

Ìbéèrè

Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń ta aṣọ ní Òkè-Àjẹ, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ mi obìnrin wà ní ọdún kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ìpínlẹ̀ kan. Níbi ìpàdé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ẹnì kan ní ó yẹ kí ìjọba kó gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí kò rí owó oṣù san déédéé papọ̀ di ẹyọ kan. Ẹlòmíì ní bí wọ́n bá dán an wò, ìwé àwọn ọmọ wa yóò di bébà lásán. Láti ọjọ́ náà, oorun ò kùn mí mọ́. Ṣé kí n tètè mú un kúrò níbẹ̀?

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ má mú ọmọ kúrò níbì kankan. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì rẹ́jísítírà kí n tó fẹ̀yìn tì, ìwé-ẹ̀rí àti àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gan-an ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ tí ilé-ẹ̀kọ́ ń jẹ́ lábẹ́ òfin nígbà tí ọmọ bá gboyè ni wọ́n ń tẹ̀ sórí sátífíkéètì. Ẹ bi àwọn tó jáde ní Àgọ́-Ìwòyè ṣáájú 2001. Ogun State University ló wà lórí tiwọn, torí orúkọ tí wọ́n fi dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1982 nìyẹn, kó tó di Olabisi Onabanjo University. Kò sẹ́ni tó gba ìwé wọn padà. Àwọn míì nínú wọn ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́, bí wọ́n bá sì fẹ́ transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ èsì wọn, lónìí, OOU (Olabisi Onabanjo University) ni yóò fi ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó jáde ní University of Ife ṣáájú 1987, kó tó di Obafemi Awolowo University. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá jẹ́ arọ́pò ló ń jogún akẹ́kọ̀ọ́, ìwé wọn àti àkọsílẹ̀ wọn.

Ẹ kíyè sí i pé mo ní «lábẹ́ òfin». Òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló dá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ sílẹ̀, òfin náà ló sì lè pa á rẹ́. Ìkéde gómìnà lórí rédíò kì í ṣe òfin. Àwa tá a wà ní Ìjẹ̀bú ti rí èyí rí. Ní 2005 ni Tai Solarin University of Education bẹ̀rẹ̀ ní Ìjàgun, yunifásítì ẹ̀kọ́ olùkọ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní 2012, ìjọba Ibikunle Amosun kéde pé àwọn máa dà á pọ̀ mọ́ OOU. Ariwo sọ, nígbà tó yá ìjọba yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ ló gbà á, ó wá di ti wọn. Ẹni tó bá fi ìbẹ̀rù yọ ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ ní 2012, kí ló rí gbà níbẹ̀ ju kí ọmọ tún JAMB ṣe lọ?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju orúkọ lọ ni kọ́ọ̀sì. NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó yunifásítì, kì í fọwọ́ sí odidi yunifásítì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó sì tán. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wá yẹ̀ wò. Èyí tó bá yege pátápátá, ọdún márùn-ún ni wọ́n fún un. Èyí tó bá ṣe dáadáa díẹ̀, ọdún méjì. Èyí tó bá kùnà, ó kùnà náà nìyẹn. Tí wọ́n bá da ilé-ẹ̀kọ́ méjì pọ̀, tí kọ́ọ̀sì kan náà yege ní ọ̀kan tó kùnà ní èkejì, abẹ́ èwo ni àwọn ọmọ ti èkejì máa bọ́ sí? Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ gbé lọ bá olórí ẹ̀ka ọmọ yín nìyẹn, kì í ṣe ti orúkọ. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ NYSC wà, torí ilé-ẹ̀kọ́ ló ń fi orúkọ ránṣẹ́, kọ́ọ̀sì tí kò bá ní ìfọwọ́sí kò lè lọ.

Bí ó bá jẹ́ pólì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n fẹ́ gbé wọnú yunifásítì, ìṣirò máàkì tún ń fa wàhálà. Mẹ́rin ni òkè máàkì (CGPA) ní pólì, márùn-ún ni ní yunifásítì. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, tí mi ò ní dárúkọ, ọ̀nà ìkọ máàkì méjì ni wọ́n kó papọ̀ sínú kọ̀ǹpútà kan láìtún un yẹ̀ wò. Ọmọkùnrin kan pàdánù èsì sẹ́mẹ́sítà kan pátápátá. Ìwé èsì pélébé tí ìyá rẹ̀ tọ́jú sínú Bíbélì ló yọ ọ́.

Ní ti ọ̀rẹ́ yín tó ní kí wọ́n da gbogbo wọn pọ̀, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n owó wo gan-an ni ìdàpọ̀ ń dá sílẹ̀? Ọ̀gá àgbà kan dípò méjì, rẹ́jísítírà kan, bọ́sà kan, ìgbìmọ̀ alákòóso kan pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ wọn. Owó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi wé owó oṣù gbogbo olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ tí wọn ò ní lé lọ. Gbèsè owó oṣù, owó kọpurétífù tí wọ́n yọ tí wọn ò fi ránṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì, gbogbo rẹ̀ ló máa ń tẹ̀lé ìyàwó wọ ilé ọkọ. Ẹ tún fi ìjà ipò kún un. Ẹni tó jẹ́ Chief Lecturer ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sí ipò tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì. Bí kò bá ní PhD, ibo ni wọn yóò fi í sí? Mo ti jókòó sí ìpàdé tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí jà láti àárọ̀ di alẹ́, wọn ò tíì dé orí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́.

Wọ́n ti ṣe é níbòmíì. Ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, yunifásítì ìjọba mẹ́fà di méjì ní 2022 torí pé iye ọmọ tó ń wọlé ń dín kù lọ́dọọdún. Wọn ò ti ọgbà kankan pa, kódà ọgbà kọ̀ọ̀kan di ẹgbẹ́ eré ìdárayá tirẹ̀ mú. Ní Èkìtì, yunifásítì mẹ́ta di Ekiti State University ní 2011. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ìjọba ìpínlẹ̀ náà tún sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ di yunifásítì. Ti Èkó yé mi jù: kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ olùkọ́ méjì, ti Ìjànikin àti ti Nọ́fọ̀ríjà ní Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n pa pọ̀ di LASUED (Lagos State University of Education) ní 2022. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ni ọmọ kì í fẹ́ lọ mọ́, torí náà ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n yunifásítì tí àwọn ọmọ ń tò síwájú rẹ̀ tí ìjọba ò fún lówó, àìsàn mìíràn ni ti ìyẹn, ìdàpọ̀ kì í ṣe oògùn rẹ̀.

Ní Ògùn, ẹ wo bí OOU nìkan ṣe rí. Orí rẹ̀ wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ìmọ̀ ìṣègùn wà ní Ṣágámù, iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Ayétòrò, iṣẹ́ ẹ̀rọ wà ní Ìbógùn. Ìjẹ̀bú rí gbà, Rẹ́mọ rí gbà, Yewa rí gbà, apá Ẹ̀gbá náà rí gbà. Yunifásítì kan ni, ṣùgbọ́n ọgbà kọ̀ọ̀kan nílò jẹnẹrétọ̀, ọlọ́dẹ àti mọ́tò tirẹ̀. Tí wọ́n bá da òmíràn pọ̀ mọ́ ọn láìti ọgbà kan pa, pátákó ẹnu ọ̀nà nìkan ló yí padà. Tí wọ́n bá sì ti ọgbà kan pa, ẹni tó fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́ yàrá mẹ́wàá fún akẹ́kọ̀ọ́, olóúnjẹ àti ọlọ́kadà ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ìdí nìyẹn tí ìlú kọ̀ọ̀kan fi ń du ọgbà bíi pé adé ni.

Ní ti owó ilé-ìwé, mi ò tíì rí ibi tó ti relẹ̀ lẹ́yìn ìdàpọ̀. Ẹ múra sílẹ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe lọ́sẹ̀ yìí kò ju kí ẹ kó ìwé ọmọ jọ: ìwé ìgbàwọlé JAMB, ìwé ìgbàwọlé ilé-ẹ̀kọ́ tó ní nọ́ńbà mátíríkì, rìsíìtì owó gbogbo, fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì, èsì sẹ́mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya fọ́tò wọn, kí ọmọ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ̀, kí ojúlówó wà nílé, kó má wà láàárín aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ bá wá dé ilé ìgbìmọ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n máa ń pe aráàlú sí ìjókòó ìta gbangba. Ẹ ran ẹnì kan nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yín lọ, kí ó béèrè ọgbà tí wọ́n fẹ́ tì àti ẹni tó máa san gbèsè.